Ìdíje Lórí Ọ̀rọ̀ Afọ́jú, Tí Afọ́jú Kò Lè Dá Sí

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde, nítorí inú ń bí mi. Àwọn aláṣẹ wa tún ti ṣe ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ọmọ ilé-ìwé láti fi sàmì Àyájọ́ Ojú Rírí Lágbàáyé, èyí tó máa ń bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ kejì oṣù kẹwàá. Wọ́n kó àwọn ọmọ tí kò ríran wá, wọ́n fún wọn lẹ́wù tí wọ́n kọ nǹkan sí láyà, wọ́n tò wọ́n síwájú kí wọ́n lè rí wọn yà ní fọ́tò. Nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, ara ògiri ni wọ́n ń tan ìbéèrè sí. Kò sẹ́ni tó kà á jáde. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ kà á tán ló ń tẹ aago. Ìdíje lórí ọ̀rọ̀ afọ́jú, ojú ni wọ́n ní kí wọ́n fi ṣe é!

Ọmọbìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó gbé sílétì bíréèlì rẹ̀, èyí tí afọ́jú fi ń kọ ìwé tí wọ́n ń fi ìka kà, lé itan, tó ti ki bébà bọ̀ ọ́, tó mú irin tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ dání. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n bi wọ́n?" Mo kà á sí i létí pé ọdún wo ni wọ́n bí Louis Braille, ẹni tó dá ìkọ̀wé bíréèlì sílẹ̀. N kò tíì pa ẹnu dé tó fi ní 1809, ní Coupvray, nílẹ̀ Faransé. Aago ti dún níbòmíràn nígbà náà, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sì ṣì í. Wọn kò wo ọ̀dọ̀ ọmọ yìí rárá, wọn kò kúkú gbé aago síwájú rẹ̀.

Ìbéèrè tó kù ńkọ́? Orúkọ kọmíṣọ́nnà, ọdún tí wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀. Kí lèyí fẹ́ ṣe fún ojú ẹnikẹ́ni? Awakọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ó ṣáà ń fi ẹ̀gbẹ́ mọ́tò gbá nǹkan, ó sì ń bú àwọn ọlọ́kadà pé wọn kì í wo iwájú. Ìgbà tí wọ́n máa yẹ ojú rẹ̀ wò, àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ti jẹ ẹ̀gbẹ́ ojú méjèèjì, kò sì sí oògùn tó lè dá èyí tó ti lọ padà. Èyí tó kù ni wọ́n ń fi oògùn dáàbò bò. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé lẹ́yìn kátáráátì, àrùn tó ń sọ inú ẹyinjú di kùrukùru, glaucoma yìí ló ń fọ́ wa lójú jù. Ṣé èyí kò tó bi ọmọ ilé-ìwé, kó lè délé bi bàbá rẹ̀?

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Àlọ́ àpamọ̀ wà nílẹ̀ wa kí ògiri tí wọ́n ń tan iná sí tó dé, etí la sì fi ń pa á. Kí iléeṣẹ́ rédíò gbé e sáfẹ́fẹ́ lédè Yorùbá, kí àwọn tí kò ríran fúnra wọn máa pa àlọ́, kí ará ilé máa fi fóònù pè wọlé. "Ààlọ́ o!" "Ààlọ̀!" "Olè kan wọlé mi, kò fọ́ ilẹ̀kùn, ajá kò gbó. Ẹrù ẹ̀gbẹ́ ògiri ló kọ́kọ́ kó. Ìgbà tí mo máa fura, àárín yàrá ló kù. Kí ni o?" Ẹni tó bá dáhùn pé glaucoma, ẹ fún un ní káàdì ìpè àti ìwé àyẹ̀wò ojú ọ̀fẹ́. Kí nọ́ọ̀sì ojú wá ṣàlàyé pé kì í sábà dunni, pé ó ń tètè mú àwa aláwọ̀ dúdú, àti pé ẹni tó ti pé ogójì ọdún tàbí tó ní ẹbí tó ní in gbọ́dọ̀ lọ yẹ ojú wò.

Ẹ tún bi wọ́n pé: àpólò mú ọmọ, ìyá àgbà ní kí n fún wàrà ọmú sí i lójú, aládùúgbò ní ìtọ̀ ló dára, èwo ni kí n ṣe? Ọ̀kankan kọ́, ilé ìwòsàn ni. Ẹ bi wọ́n pé: ẹ bá afọ́jú ní Mọ́kọ́lá tó fẹ́ sọdá títì, ṣé kí ẹ wọ́ ọ lọ́wọ́? Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá ó fẹ́ ìrànlọ́wọ́, kó wá di ìgbọ̀nwọ́ yín mú, kó máa tẹ̀ lé yín. Ẹ má fọwọ́ kan ọ̀pá funfun rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo afọ́jú ni kò rí nǹkan kan rárá. Àwọn kan ń rí ìmọ́lẹ̀, àwọn kan ń rí òjìji.

Òfin tó lòdì sí yíya akanda ẹ̀dá sọ́tọ̀, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 2019, wà nílẹ̀. Kí wọ́n tẹ̀ lé e. Kí wọ́n lé àwọn tó ń ta oògùn ojú nínú bọ́ọ̀sì kúrò. Tó bá sì pọn dandan kí wọ́n ṣe ti inú gbọ̀ngàn, kí wọ́n wá ẹni tí ohùn rẹ̀ já gaara láti máa ka ìbéèrè. Owó ẹ̀wù àti ìpápánu ọjọ́ yẹn tó san án dáadáa. Mo tún un sọ: ẹ ò lè fi ojú dán afọ́jú wò, kí ẹ wá pè é ní ìlanilọ́yẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ Glaucoma Lágbàáyé ń bọ̀ nínú oṣù kẹta. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó wa. Àwọn tí kò ríran ládùúgbò wa ti ń kó àlọ́ jọ. Rédíò là ń wá.

Èmi ni,
Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì,
Ìbàdàn.