Ìdí tí òṣìṣẹ́ kì í fi í pẹ́ ní iléeṣẹ́ kéékèèké

Sí Olóòtú,

Àwọn tó ni iléeṣẹ́ kéékèèké nílùú Iléṣà máa ń ráhùn pé ọ̀dọ́ kì í fẹ́ jókòó ti iṣẹ́, ṣùgbọ́n èmi tí mo fi ọdún 3 ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ omi inú ọ̀rá mọ̀ pé owó nìkan kọ́ ló ń lé wa. Lóòótọ́, òfin owó oṣù tó kéré jù, tó di ₦70,000 lọ́dún 2024, kò de agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ohun tó lé mi ni pé ẹ̀rọ kò lẹ ẹnu ọ̀rá pọ̀ dáadáa mọ́, mo sọ fún ọ̀gá (tí kì í ṣe ènìyàn burúkú), síbẹ̀ wọ́n yọ owó omi tó ṣòfò nínú owó oṣù wa. Kí oṣù náà tó parí, àwa 4 ti lọ.

Òṣìṣẹ́ àná,
Iléṣà.