Ẹ ṣí ọ̀nà ẹsẹ̀ wa sílẹ̀

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹsẹ̀ mi ṣì wú bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n ti ọ̀nà tí wọ́n dí mọ́ wa ló ká mi lára jù.

Ní Sátidé tó kọjá, àwa mọ́kànlélógún láti ìlú kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà gbéra lẹ́yìn ìrun àsùbáà. A fẹ́ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà oko àtijọ́ dé Èsìé, níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà láti 1945, ká lè fi kówó jọ fún àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn èèyàn ti ṣèlérí: máìlì kan, ₦1,000. Folic acid tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àti Paludrine tó ń dènà ibà, tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, la fẹ́ fi owó náà rà. Ìyá kan tó ń bá wa rìn mú páálí oògùn ọmọ rẹ̀ dání. Ó ṣí i hàn mí, ó ku ẹyọ mẹ́ta.

Bí a ṣe dé etí odò kejì, ọ̀nà tán. Ẹnìkan ti mọ ògiri búlọ́ọ̀kù dí ojú ọ̀nà tí bàbá mi ń ru iṣu gbà lọ sọ́jà. Lẹ́yìn ògiri náà, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n gbìn sójú ọ̀nà gan-an. Ìtì igi tí a fi ń sọdá odò ti jẹrà. Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ wa ní ká má ya wọ igbó. Òótọ́ ni wọ́n sọ, gbogbo wa la mọ bí nǹkan ṣe rí nísinsìnyí. La bá bọ́ sí títì. Tírélà kan sáré kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣí gèlè lórí ìyá yẹn sínú kòtò. A dá ìrìn náà dúró níbẹ̀. Máìlì tí a kò rìn, kò sẹ́ni tó máa san owó rẹ̀!

Àwọn aláṣẹ wa kò mọ̀ ju ọ̀nà mọ́tò lọ, nítorí wọn kì í sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Nígbà tí a kọ̀wé sí wọn, owó fọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ bi wá. Ta ló fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti mọ ògiri sójú ọ̀nà gbogbo ìlú?

Ní Hong Kong, ìjọba ṣí ọ̀nà ẹsẹ̀ MacLehose ní 1979, kìlómítà 100. Láti 1981 ni àwọn ọmọ ogun Gurkha, ìyẹn àwọn ará Nepal tó ń ṣiṣẹ́ ológun fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín láti fi kówó àánú jọ, kó tó di pé ará ìlú dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1986. Òpó tó ní nọ́ńbà wà níbẹ̀ ní mítà 500-500. Ẹni tó bá farapa á ka nọ́ńbà náà lórí fóònù, wọ́n á sì mọ ibi tó wà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn. Kí wọ́n dá ọ̀nà yíyẹ̀ padà. Nígbà èwe mi, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé, ìlú kọ̀ọ̀kan á yẹ ọ̀nà tirẹ̀ dé ààlà, ẹgbẹ́ tó bá pẹ́ dé á san owó ìtanràn. Kí wọ́n tún pín in fún ìlú kọ̀ọ̀kan, kí a ri òpó onínọ́ńbà mọ́ ọn, kí nọ́ńbà náà wà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ àti ilé ìwòsàn. Kí wọ́n fi kọnkéré ṣe afárá kékeré sórí odò. Kí wọ́n wó ògiri yẹn.

Sátidé tó bá tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n wó o, a ó tún gbéra. Ìyá yẹn ti ní òun náà ń bọ̀.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Gúúsù Kwara