Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Wíńgà Tí Àyà Rẹ̀ Ń Já

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Lóṣù Kejìlá ọdún 2024, Jesús Navas fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀ lẹ́ni ọdún 39. Àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀ ọ́n dáadáa: wíńgà, ìyẹn agbábọ́ọ̀lù etí pápá, lápá ọ̀tún fún ẹgbẹ́ Sevilla, ní Spéènì, tí kì í rẹ̀ ẹ́ láti sáré lọ sáré bọ̀. Ìgbà 705 ló gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà, kò sì sí ẹni tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kó débẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Kò tíì ju ọmọ ọdún 18 lọ nígbà tó kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ àgbà gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún 2003, gbogbo ènìyàn sì tètè rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Àmọ́ bí ìrìn àjò bá ti gbé e jìnnà sílé, ìpáyà á dé, àyà rẹ̀ á máa já, àfi kó padà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi lè bá ikọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ síbì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan níbí. Nígbà kan rí, arákùnrin kan wá bá mi, ó ní òun kì í rí oorun sùn, pé àyà òun ń já láìnídìí. Mo sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré. Mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ó sì ń dùn mí títí dòní. Nígbà tí Èlíjà dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi ní aginjù tó ní kí ikú wá mú òun lọ, ta ló bá a wí? Oúnjẹ àti omi ni áńgẹ́lì gbé tọ̀ ọ́ wá. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn.

Navas gba ìtọ́jú, kò sì tijú rẹ̀. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2009 ló tó wọ aṣọ Spéènì. Ní July 2010, ó wà ní Johannesburg, níbi àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Láti ìdajì pápá Spéènì ló ti gbé bọ́ọ̀lù sáré, àwọn ọmọ Nẹ́dálándì ń lé e. Ibi eré yẹn ni góòlù tí Iniesta, ọmọ ikọ̀ Spéènì, fi gba ife náà fún wọn ti bẹ̀rẹ̀, ní ìṣẹ́jú 116. Ẹni tí kò lè kúrò nílé! Nígbà tó di 2013, ó kó lọ sí Manchester City, ó sì lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀ kó tó padà sí Sevilla.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn tó padà dé ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ẹsẹ̀ ò yá bíi tàtijọ́ mọ́, ó sì gbà láti máa dí ẹ̀yìn, níbi tí ìyìn ò ti pọ̀. Ó wá gba nọ́mbà 16, nọ́mbà Antonio Puerta, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣubú lórí pápá ní August 2007, tó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́ni ọdún 22. Ìgbáròkó ń dun Navas gan-an ní àwọn ọdún ìkẹyìn, síbẹ̀ ó wọ aṣọ yẹn títí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, màá wà ní yàrá àdúrà. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, kó wọlé. A ó jọ gbàdúrà, bó bá sì yẹ ká lọ rí dókítà, màá bá a lọ. Arákùnrin mi ọjọ́sí, bí ìwé yìí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, jọ̀wọ́ dárí jì mí, kí o sì wá.