Pláàkì wà, èsì ò sí: mélòó ni ọmọ náà sá?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, torí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára ju ohun tí mo lè pa mọ́ra lọ.

Àsìkò tí àwọn ẹgbẹ́ eléré ìje máa ń yẹ́ àwọn ọmọ wọn sí la tún wà yìí, láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù, àṣìṣe kan náà ni wọ́n sì tún ń ṣe. Èyí tí wọ́n ṣe lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ló bí mi nínú jù. Kánópì pọ̀, àga oníbòrí funfun pọ̀, olóyè pọ̀, olórin ń kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó wá kan àwọn ọmọ tí a torí wọn péjọ, wọ́n pe ọmọbìnrin kan jáde, wọ́n gbé pláàkì onígíláàsì lé e lọ́wọ́, wọ́n ní òun ni eléré ìje tó ta yọ jù lọ lọ́dún yìí. Wọ́n ya fọ́tò. Ó padà lọ jókòó. Ẹ wo ohun tó wà lára pláàkì náà: orúkọ ẹgbẹ́, gàdàgbà, orúkọ alága, gàdàgbà, orúkọ olówó tó ṣe onígbọ̀wọ́, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀, orúkọ ọmọ náà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n sì ṣì í kọ. Mélòó ló sá? Kò síbẹ̀. Níbo ló ti sá a? Kò síbẹ̀. Ṣé 100 mítà ni àbí 400? Ìyẹn náà ò síbẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: ṣebí ayẹyẹ ni, kì í ṣe ìdánwò. Òótọ́ ni, yin ni yin ni, kẹ́ni ó ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n òmíràn kí ni a fẹ́ kó ṣe, nígbà tí àwa tí a ń yìn ín ò mọ èyí tó ti ṣe? Tiwa tilẹ̀ wá burú, àwa Ìjẹ̀bú. Ẹni tó bá náwó lójú agbo, a mọ iye tó ná dórí náírà. Ọmọ tó bá fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá dín ìje rẹ̀ kù láàárín ọdún kan, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbì kankan.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ti Tobi Amusan, tí wọ́n bí sí Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín. Lọ́jọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022, ní Eugene lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀mejì ló sá eré ìje onídènà 100 mítà. Nínú ìje tó ṣáájú àṣekágbá, ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ló sá, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ẹ̀yìn sì jẹ́ 0.9 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó di rékọ́ọ̀dù àgbáyé, ó borí 12.20 tí Kendra Harrison sá ní 2016. Nínú àṣekágbá, ó sá 12.06. Ó gba góòlù, ó tún yára ju ti àkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ wọn ò kà á sí rékọ́ọ̀dù, torí afẹ́fẹ́ tó ń tì wọ́n lẹ́yìn ti di 2.5, òfin ò sì gbà ju 2.0 lọ. Bí kò bá sí ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ náà, tó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ta ni yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìje méjèèjì? Falilat Ogunkoya, ọmọ Òde-Lẹ́mọ ní Rẹ́mọ, náà ńkọ́? 49.10 ní 400 mítà, Atlanta, 1996, ipò kẹta, àmì ẹ̀yẹ idẹ. Ẹni tó bá ní òun mọ Ogunkoya tí kò mọ 49.10, orúkọ ló mọ̀, kò mọ eré.

Ìpínlẹ̀ wa gbàlejò Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè ní 2006, ó tún gbà á ní 2025. Àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ títí ẹnu bó wọn, pé àwọn fẹ́ràn ọ̀dọ́, pé àwọn ń wá ẹ̀bùn láti ìgbèríko. Ẹ lọ béèrè ìwé èsì ìdíje àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ rí ohun tí wọ́n máa mú jáde. Ewé kan tí wọ́n fà ya nínú ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa ń kọ èsì sí, ẹni tó bá sì kọ ọ́ á ká a sápò. Bí wọ́n bá gbé e kúrò nípò, èsì bá a lọ nìyẹn. Ẹni tó bá gba ipò rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, á tún máa béèrè lọ́wọ́ kóòṣì pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló dáa nínú wọn?"

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ìwé èsì kan lọ. Kí gbogbo ẹgbẹ́ ra ìwé àkọsílẹ̀ ńlá ẹléyìn líle kan, kí wọ́n fà á ní ìlà, kó máa gbé ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kì í ṣe nílé akọ̀wé. Orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí, irú eré, èsì, ọjọ́, ibi tí wọ́n ti ṣe é, bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n, afẹ́fẹ́. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé yìí kò gbọ́dọ̀ dé orí pláàkì. Kí ẹgbẹ́ sì máa ya ojú ewé náà ní fọ́tò lóṣooṣù, torí ìkán àti òjò ò mọ rékọ́ọ̀dù.

Kíkọ ọ́ nìkan ò tó, ó gbọ́dọ̀ jóòótọ́. Ọwọ́ ẹni tó di aago mú ni èsì ti máa ń bàjẹ́ jù. Á dúró síbi ìlà òpin, á máa retí ìró ìbọn tàbí ìró pákó méjì tí wọ́n gbá pọ̀. Àṣìṣe gbáà ni. Ìró ń rin nǹkan bí 340 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kó tó rin 100 mítà dé etí onítọ̀hún, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ti lọ. Ọmọ 12.4 á di ọmọ 12.1 láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá sí i rárá. Èéfín ìbọn ló yẹ kó wò, tàbí ìgbà tí pákó méjèèjì pàdé. Ìdí nìyẹn tí fèrè ò fi dáa fún ìje kúkúrú: ojú ò rí ìró fèrè. Bí wọ́n bá sì dé ìlà òpin, àyà ọmọ ni kó wò, kì í ṣe orí, kì í ṣe ọwọ́ tó nà síwájú.

Aago mẹ́ta ló yẹ kó wà fún ẹni tó bá gba ipò kìíní. Bí méjì bá bára mu, ohun tí méjèèjì sọ ni èsì. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀ síra, ti àárín la máa mú. Bó bá jẹ́ aago méjì péré ló ṣiṣẹ́, tí wọn ò sì bára mu, èyí tó pẹ́ jù ni. Òkè la ń gbé èsì aago ọwọ́, ìyẹn aago tí èèyàn ń fi ọwọ́ tẹ̀, sí: 12.03 á di 12.1, 11.81 á di 11.9. Ẹgbẹ́ tó bá tiẹ̀ gbìyànjú láti kọ èsì, 11.81 yẹn gan-an ló máa kọ, bíi pé kámẹ́rà ìlà òpin ló wò ó. Aago ọwọ́ máa ń ṣàánú eléré ìje. Ìṣirò tí wọ́n ń lò ni pé ó fi 0.24 yára ju ẹ̀rọ lọ ní 100 àti 200 mítà, ó sì fi 0.14 yára jù ú ní 400. Kí wọ́n kọ "aago ọwọ́" sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ parí.

Ojú pápá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ 100 mítà ní pápá ilé ẹ̀kọ́ wa, ẹsẹ̀ tíṣà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí mítà kan péré bá dín, èrè ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni fún ọmọ tó ń sáré. Téèpù onírin ni kí wọ́n lò, kì í ṣe téèpù aṣọ tó ti nà. Bí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́, kí wọ́n kọ NWI, ìyẹn pé wọn ò wọn afẹ́fẹ́, síwájú èsì, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kárí ayé nìyẹn, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní in, 50 mítà sí ìlà òpin ni kí wọ́n gbé e sí fún ìje tààrà, kó ga ní 1.22 mítà sílẹ̀, kó má sì jìnnà ju mítà méjì lọ sí ojú ọ̀nà ìje. Nínú fífò jìnnà, ojú ibi tí ara ọmọ ti kan iyẹ̀pẹ̀ tó sún mọ́ pákó ìfò jù ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, tààrà sí ìlà. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé èsì fífò àti jíjù sí, kì í ṣe sókè.

Jíju ṣọ́ọ̀tì, ìyẹn irin róbótó, ló tún ń dá wàhálà sílẹ̀ jù nígbà tí wọ́n bá ń yan ẹni tó ta yọ. Irin àgbà ọkùnrin jẹ́ 7.26 kílò, ti ọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 20 jẹ́ 6, ti èyí tí kò tíì pé 18 jẹ́ 5. Obìnrin àgbà 4 kílò, èyí tí kò tíì pé 18, 3 kílò. Ọjọ́ orí tí ọmọ máa jẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà ni wọ́n ń lò. Mítà 14 pẹ̀lú irin 5 kílò àti mítà 14 pẹ̀lú 7.26, ṣé ọ̀kan náà ni? Ìdènà náà bẹ́ẹ̀: ti àwọn àgbà obìnrin ga ní 0.838 mítà, ti àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì pé 18 ga ní 0.762. Láìkọ ìwọ̀n irin tàbí gíga ìdènà, èsì náà ò nítumọ̀. Àwa tí a ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, tí a mọ ẹgbẹ́ tí olúkúlùkù wà dáadáa lọ́jọ́ Ojúde Ọba, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣàlàyé ọjọ́ orí fún wa.

Báwo wá ni wọn yóò ṣe mọ ẹni tó ta yọ, láàárín ẹni tó ń sáré àti ẹni tó ń ju irin? Àjọ tó ń darí eré ìje lágbàáyé ní tábìlì máàkì tó ń sọ èsì eré kọ̀ọ̀kan di àmì. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo èsì ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, ẹ kọ àmì rẹ̀ sílẹ̀, ariyanjiyan tán. Àgbà ni wọ́n ṣe tábìlì náà fún o, irin àgbà àti ìdènà àgbà ló mọ̀. Àwọn tí kò tíì pé 18, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ bá tún fẹ́ yẹ́ ẹni tó tẹ̀síwájú jù sí, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ má da sísáré pọ̀ mọ́ jíjù. Ẹni tó kúrò ní 12.4 bọ́ sí 12.1 ní 100 mítà ti jìyà gidi, síbẹ̀ ìdá 2.4 nínú 100 péré ni ìtẹ̀síwájú rẹ̀. Ẹni tó kúrò ní mítà 10 bọ́ sí 11 nínú ṣọ́ọ̀tì ti ní ìdá 10. Bí ẹ bá fi méjèèjì sójú òṣùwọ̀n kan náà, àwọn tó ń ju irin ni yóò máa gbà á lọ́dọọdún.

Àwọn tó sá ìje ẹlẹ́ni mẹ́rin, 4x100 tàbí 4x400, orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ kọ. Àṣà kí a máa pe ẹni tó parí ìje nìkan ti sú mi. Bisi Afolabi, Fatima Yusuf, Charity Opara àti Falilat Ogunkoya ló jọ gba fàdákà 4x400 ní Atlanta. Kò sí ẹni tó dá a gbà níbẹ̀.

Mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ mìíràn. Bàtà sípáìkì sàn fún ọmọ ju pláàkì lọ, àmọ́ kí ẹ wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó rà á, kí eyín bàtà náà má sì gùn ju mílímítà 9 lọ fún ojú pápá oníróbà. Kí ẹ fún àwọn òbí ní àga níwájú. Kí àwọn olóyè àti olóṣèlú má lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ nídìí maikirófóònù. Àwọn tí aago wà lọ́wọ́ wọn ti wà níkàlẹ̀ ṣáá.

Kí oúnjẹ sì kọ́kọ́ kan àwọn ọmọ. Ní ayẹyẹ tí mo ń sọ yìí, hài tébù ti jẹun tán, wọ́n ti ń di ti ilé, kí ìrẹsì tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó sáré.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ìjẹ̀bú-Òde