Ohun tí òṣìṣẹ́ ìkànìyàn kọ ni kí a dà kọ

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan tó gba àwọn tó ń wá ìtàn ìdílé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì níyànjú pé ohunkóhun tí wọ́n bá mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ nínú àdàkọ ìwé ìkànìyàn àtijọ́, kí wọ́n yí i padà. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn, torí èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Àbúrò bàbá bàbá mi kúrò ní Òṣogbo lọ kàwé ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni ìkànìyàn ọdún 1950 sì bá a. Òfin ibẹ̀ ni pé ọdún 72 gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún aráyé, nítorí náà ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2022 ni ó tó jáde. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ka ìkọ̀wé ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀. A wá bàbá yìí tì, àṣé ìrù y ló ká kọ́rọ́ tí kọ̀ǹpútà fi pè é ní g, tí "Oye" tó ṣáájú orúkọ ìdílé wa fi di "Oge". Bẹ́ẹ̀, bàbá náà kò ṣe oge rí láyé rẹ̀.

Irú èyí ló yẹ kí a tún ṣe, torí y ló wà lójú ìwé. Ṣùgbọ́n lórí ìlà kan náà, òṣìṣẹ́ ìkànìyàn kọ ọjọ́ orí rẹ̀ ní 24, a sì mọ̀ pé 27 ni. Mo sáré yí i padà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wo àwòrán ojú ìwé náà, ó ní: "Ṣé 27 lo rí níbẹ̀?" N kò rí èsì fọ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ náà kọ lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ ṣì í kọ, òun ni ìwé náà jẹ́rìí sí. Bóyá ẹlòmíràn ló tilẹ̀ bá bàbá dáhùn, èyí tí a kò ní ronú kàn mọ́ bí 24 bá ti pòórá. Àyè wà lórí Ancestry, ìkànnì tí a ti ń wá ìtàn ìdílé, fún àpẹẹrẹ, láti fi àlàyé mìíràn kún ti àkọ́kọ́ láì pa á rẹ́. Ibẹ̀ ni kí a kọ ohun tí ìdílé mọ̀ sí, kí a sì sọ bí a ṣe mọ̀ ọ́n; ní tiwa, ìwé ìrìbọmi rẹ̀ ni.

Mo ti dá 24 padà sípò. Oye náà ti wà níbẹ̀ báyìí, àmọ́ Oge kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.