Ẹ Bi Wá Kí Ẹ Tó Kó Àwọn Ọmọ Wá

Ìjẹ̀bú-Òde,
28 oṣù Kẹta, ọdún 2020.

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú ìfaradà àkókò tí a wà yìí. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti di ẹni ọdún 72, ọkọ mi jẹ́ ẹni ọdún 79, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà sì ti ń bá wọn fínra tipẹ́. Ohun tó mú mi gbé kálámù ni pé láti ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ pa ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 23 oṣù yìí, nítorí àrùn kòrónà, ni ọkọ̀ ti ń já àwọn ọmọdé sílẹ̀ ládùúgbò wa, tàwọn ti báàgì lẹ́yìn, láìsí òbí pẹ̀lú wọn, tí wọ́n sì ń gba ilé ìyá àgbà àti bàbá àgbà wọn lọ. Ilé mẹ́rin ni mo mọ̀ ní òpópónà wa nìkan. Ìkarùn-ún ni tiwa.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ fẹjọ́ ọmọ bíbí inú mi sùn nínú ìwé ìròyìn. Ata, tòmátì àti àlùbọ́sà ló ń tà ní Èkó, ìjọba sì gba àwọn tó ń ta oúnjẹ láàyè láti máa tà lọ nígbà tí wọ́n ti àwọn ọjà yòókù pa. Iyàrá kan àti pálọ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, àwọn méjèèjì ló ń jáde ṣiṣẹ́, ọmọ mẹ́ta tí àgbà inú wọn jẹ́ ẹni ọdún 14 kò sì lè máa dá wà níbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Níbo ni ìbá kó wọn lọ bí kò ṣe ọ̀dọ̀ mi? Ọ̀nà tó gbà ṣe é ló dùn mí. Alẹ́ ọjọ́ Ajé náà ló pè mí lórí fóònù, ó ní, "Màmá, àwọn ọmọ ń bọ̀ lọ́la o." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tíì pé wákàtí kan lẹ́yìn náà tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi pè, níbi tí ìjọba tọ̀hún náà ti pàṣẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an pé kí oníkálùkù dúró sílé, ó ní, "Màmá, ẹ má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ti Èkó bọ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ta ni." Ẹnìkan ní kí n gbà wọ́n, ẹnìkejì ní kí n dá wọn padà, nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó béèrè pé kí ni èmi àti bàbá wọn rò.

Gbogbo ìkìlọ̀ tí à ń gbọ́ lórí rédíò ni pé kí àwọn àgbàlagbà ṣọ́ra, kí wọ́n sì jókòó sílé. A ti gbọ́, a sì ti jókòó. Mo ti dáwọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ dúró, n kò lọ sí òkú ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ṣẹ́, èyí tó jẹ́ pé títí di òní ni ojú ń tì mí sí àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ìjókòó sílé yóò ṣe fún àgbà tí ẹlòmíràn ń pinnu ẹni tí yóò wọlé tọ̀ ọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀rù lásán ló ń bà wá. Ní Ṣáínà, nígbà tí wọ́n ṣírò àwọn aláìsàn 44,672 tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé wọ́n ní àrùn yìí títí di ọjọ́ 11 oṣù Kejì, àwọn tó kú lé díẹ̀ ní méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín àwọn ẹni ọdún 70 sí 79, wọ́n jẹ́ 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín àwọn tó ti pé 80, wọ́n sún mọ́ 15. Nínú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, kò sí ẹyọ kan tó kú níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá bímọ yóò dúpẹ́ fún ìyẹn, èmi náà sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ọmọ lè gbé e dání kí ó má sì ní ju ọ̀fìnkìn lọ, kí ó wá fò mọ́ bàbá àgbà lọ́rùn. Ọjọ́ tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ Èkó pa náà ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tí àrùn yìí pa ní Nàìjíríà, ẹni ọdún 67 tó ti ní àìsàn mìíràn lára tẹ́lẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, èmi àti ọkọ mi kò sùn bọ̀rọ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ fún wọn. Mo sọ pé bí àrùn náà bá mú wọn, àwọn elétò ìlera yóò gbé wọn lọ síbi tí èmi kò ní lè tẹ̀ lé wọn dé, tó sì jẹ́ pé àwọn tó da aṣọ borí dé ẹsẹ̀ nìkan ni wọn yóò máa rí. Bàbá dákẹ́ títí, nígbà tó yá wọ́n ní, "Bí Ọlọ́run bá fún mi ní ọdún méjì sí i láyé, ṣé o fẹ́ kí n fi gbogbo rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ra ni? Ohùn àwọn ọmọ yẹn ló kù tó ń dùn mọ́ mi létí." N kò rí èsì fọ̀ sí i. Mo ti fi ogójì ọdún wo aláìsàn, mo sì mọ̀ pé nọ́ọ̀sì lè sọ ohun tó léwu, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ẹ̀mí ló mọ ohun tí òun fẹ́ fi ẹ̀mí náà ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, a ti fẹnu kò pé a ó gbà wọ́n, ṣùgbọ́n a ó gbà wọ́n bí ó ti yẹ kí a gba ẹni tó ti ibi àrùn bọ̀.

Iyàrá iwájú méjì ni a fi fún àwọn ọmọ, àwa kó sẹ́yìn. Agbada omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó bá wọlé yóò fọ ọwọ́ títí dé ọrùn ọwọ́ kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Kóòpù, àwo àti tówẹ̀lì wọn yàtọ̀ sí tiwa. Fèrèsé kì í tì lọ́sàn-án. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ti ń jẹun, Bàbá yóò jókòó sórí àga wọn ní igun kan, àwọn ọmọ yóò wà ní igun kejì, Bàbá á sì máa pa àlọ́ fún wọn láti ọ̀hún. Ọjọ́ 14 ni a dá, nítorí pé láàárín iye ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà sọ pé àrùn náà yóò ti fara hàn bí ó bá wà lára. Èyí tó kéré jù, ọmọ ọdún mẹ́fà, sunkún ní ọjọ́ àkọ́kọ́ pé Bàbá kò gbé òun. Ó dọ̀bálẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ, Bàbá sì súre fún un láti orí àga. (Ìfọwọ́kanra kò pọn dandan nínú ìkíni wa, bíbọ ọwọ́ ni a kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn.)

Nígbà tí mo ń tú báàgì wọn ni mo bá páálí chloroquine níbẹ̀. Ọmọ mi ló fi ránṣẹ́ sí wa, ó ní kí a máa lò ó kí àrùn má baà mú wa, nítorí wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri láti ìgbà tí ààrẹ Amẹ́ríkà ti yìn ín. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Àmọ́ oògùn tí ìjọba wa ti yọ kúrò nínú oògùn ibà láti ọdún 2005 ni, ara yíyún rẹ̀ nìkan kọ́ ni ìṣòro rẹ̀, ó lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú, àwọn kan sì ti dèrò ilé ìwòsàn ní Èkó nítorí pé wọ́n lò ó ní àlòjù. A kò tíì gbàgbé omi iyọ̀ tí àwọn ènìyàn mu tí wọ́n sì fi wẹ̀ nígbà àrùn Ebola ní ọdún 2014, pé kí àrùn náà má baà mú wọn. Oògùn tó yẹ kí àgbàlagbà ní nílé báyìí ni èyí tí dókítà ti kọ fún un tẹ́lẹ̀, kí ó tó oṣù méjì, kí ìbẹ̀rù kòrónà má baà mú un pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì, nítorí rọpárọsẹ̀ ṣì ń pani.

Ìyá ìyá mi máa ń sọ fún wa nípa àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, tí wọ́n ń pè ní lùkúlùkú. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wọ Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Nígbà tí jìnnìjìnnì mú àwọn ará Èkó, ọ̀pọ̀ sá gba ìlú wọn lọ, wọ́n sì gbé e dání. Ó dé Ìjẹ̀bú-Òde yìí náà, ìgbà yẹn ni àwọn kan nínú ìjọ St. Saviour sì bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ àdúrà tí a wá mọ̀ sí Òkúta Iyebíye. Àwọn ọ̀dọ́ tí agbára ṣì wà lára wọn ni ti ìgbà náà pa jù. Àwa ni èyí kọjú sí, ọ̀nà tó sì gbà wọlé nígbà náà ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀: Èkó, gáréèjì, ilé bàbá ẹni.

Mo ń bẹ̀ yín, Olóòtú, kí ẹ bá wa gbé lẹ́tà yìí sí ibi tí àwọn ọmọ wa ní Èkó yóò ti rí i, kí àwọn tó ń ṣe ìkìlọ̀ lórí rédíò sì máa bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ ní gáréèjì kí wọ́n tó kó ọmọ sínú ọkọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ pe ilé. Kí wọ́n béèrè bóyá iyàrá kan wà tí àwọn ọmọ lè dá sùn, bóyá omi wà, irú àìsàn tó ń ṣe àwọn àgbà ilé, ta ni yóò máa lọ ọjà. Bí ìyá bá ní òun kò lè gbà wọ́n, kí ó má di ìjà. Bí ó bá ní òun yóò gbà wọ́n, kí wọ́n fi owó ọṣẹ àti oúnjẹ tẹ̀ lé wọn.

Ọjọ́ karùn-ún nínú 14 ni òní. Mo ń wo bí ara àwọn ọmọ ti gbóná tó láàárọ̀ àti lálẹ́, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé ẹ̀kọ́ èyí tó dàgbà jù nínú wọn. Títí di àárọ̀ yìí, kò sí ẹni tí ara rẹ̀ gbóná.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì.