Ẹ yé pe eléré tó yí orílẹ̀-èdè padà ní ọ̀dàlẹ̀

Sí Olóòtú,

Ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹkàwé ń kọ sí yín nípa àwọn eléré ìdárayá tó fi orílẹ̀-èdè wọn sílẹ̀ lọ ṣojú fún òmíràn ló mú mi kọ lẹ́tà yìí láti Adó-Èkìtì, nítorí pé èébú inú rẹ̀ pọ̀ ju ìtàn lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀ ẹnì kan tí kì í ṣe ará ilé wa, Munkhbayar Dorjsuren, obìnrin tó ń fi ìbọn ìléwọ́ díje.

Ìlú Ulaanbaatar ní Mòngólíà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1969. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì Barcelona lọ́dún 1992, ó gba idẹ fún Mòngólíà nínú ìdíje ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ń yìn láti mítà 25 sí àmì. Ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje àgbáyé lọ́dún 1998 fún Mòngólíà. Nígbà tó tún gba ipò yẹn lọ́dún 2002, Jámánì ló ń ṣojú fún. Ní Beijing lọ́dún 2008, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 39, ó tún gba idẹ, fún Jámánì. Chen Ying ọmọ Ṣáínà ló gba wúrà, ẹni tó sì gba fàdákà ni Otryadyn Gündegmaa, tó ń ṣojú fún Mòngólíà. Mòngólíà ló tọ́ Gündegmaa àti Munkhbayar, àsíá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ta fún wọn lọ́jọ́ yẹn. Mòngólíà kò pàdánù ohun tó ti ní: idẹ ọdún 1992 ṣì wà lórúkọ rẹ̀, Jámánì kò lè gbà á.

Àwa tí ọdẹ pọ̀ láàárín wa lè rò pé a mọ ìbọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin yìí yàtọ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń di ìbọn náà mú, ọwọ́ kejì kò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́. Wọn yóò kọ́kọ́ yin ọta 30, ìṣẹ́jú márùn-ún fún ọta márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni ọta 30 mìíràn, níbi tí ojú àmì ti ń farahàn fún ìṣẹ́jú àáyá 3 péré, tí yóò sì pa mọ́ fún 7 kí ó tó tún yọjú. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ títí àmì yóò fi yọ, lẹ́yìn náà ni kí ó gòkè, kí ó dúró, kí ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Kí ọwọ́ bẹ́ẹ̀ má gbọ̀n láti 1992 títí di 2008, ó ń fẹ́ ibi ìgbáradì, olùkọ́ni, ọta àti owó tí ènìyàn yóò fi jẹun.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Francis Obikwelu, ọmọ Nàìjíríà, ti ṣiṣẹ́ níbi ilé kíkọ́ ní Pọ́túgà kí ó tó gba fàdákà mítà 100 fún orílẹ̀-èdè náà ní Athens lọ́dún 2004. Gloria Alozie gba fàdákà nínú eré sísá fún Nàìjíríà ní Sydney lọ́dún 2000 kí ó tó di ọmọ Sípéènì. Òfin Òlíḿpíìkì pàápàá mọ̀ pé ènìyàn lè ṣí kúrò: ọdún mẹ́ta ni eléré yóò dúró kí ó tó lè ṣojú fún orílẹ̀-èdè tuntun, àyàfi bí àwọn tọ́rọ̀ kàn bá fọwọ́ sí i pé kí ó dín kù. Ẹni tó tẹ̀ lé òfin, kí ni a ń bú u fún?

Níhìn-ín ní Adó, orúkọ Olúyẹmí Káyọ̀dé ni pápá ìṣeré wa ń jẹ́, ọmọ Èkìtì tó wà lára àwọn mẹ́rin tó sáré gba fàdákà fún Nàìjíríà nínú eré gbígbé ọ̀pá fún ara ẹni, ní Barcelona ọdún 1992 yẹn gan-an. Ó tọ́ sí i, inú mi sì máa ń dùn bí mo bá rí orúkọ náà. Fàdákà Alozie náà, ti Nàìjíríà ni, kò sì yẹ kí a sin ín nítorí pé ẹni tó gbà á wà ní Sípéènì.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún, Olóòtú, ni pé nígbàkigbà tí ẹ bá ń ròyìn irú eléré bẹ́ẹ̀, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó gbà fún wa kí ó tó lọ, kí ẹ sì bi í léèrè ìdí tó fi lọ, kí ẹ sì tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín,
Adó-Èkìtì.